Ohun èlò tó yẹ kẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ tó rán iṣẹ́ àṣírí sórí kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù láti Àjàṣẹ́

Àwọn ọmọ tó ń ka físíìsì àti ìṣirò ní Dangbo máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) tí lápútọ́ọ̀pù wọn bá ti ń ṣe ségesège, àwọn tó ti gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù (ẹ̀rọ tó ń fi ìwà àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín bí átọ́ọ̀mù àti ìmọ́lẹ̀ ṣe ìṣirò) nínú wọn á sì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, irú ẹ̀rọ wo ni kí n rà kí n lè máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ látilé, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tí mò ń ṣe?" Mi kì í dáhùn. Ńṣe ni mo máa ń bi wọ́n padà pé, àbúrò, ta lò ń sá fún?

Torí ìbéèrè yẹn ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa rà. Tó bá jẹ́ ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà, tó ń fetí kọ́ wáyà tàbí tó jókòó ti wáìfáì yín, nǹkan tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti wà nílé yín. Tó bá jẹ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù ọ̀hún gan-an lẹ̀ ń sá fún, ọ̀rọ̀ ti di ti léésà àti fáíbà, wáyà gíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, nìyẹn o. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín kí ẹ̀rọ má lọ fún yín ní èsì irọ́, ohun tẹ́ ẹ máa fi kún un tún yàtọ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Mo ti rí ẹni tó san owó VPN (ohun tó ń fi data yín pa mọ́ lójú ọ̀nà) fún odindi ọdún kan, tó gbà pé òun ti fi iṣẹ́ òun pa mọ́ fún ẹni tó ni server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tá a ń rán iṣẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ server yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, báwo ni ò ṣe ní rí i?

Ẹ ò lè yẹra fún rírán iṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, torí ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, inú fríìjì kan tó máa ń tutù dé nǹkan bíi 0.015 kẹ́lífìn ló ń gbé, òtútù tó le ju ti òfuurufú tó jìnnà jù lọ. IBM ló gbé ọ̀kan tó ní kúbíìtì 5 (kúbíìtì ni ẹyọ tí kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù fi ń ṣírò, bí bíìtì ṣe rí fún kọ̀ǹpútà lásán) sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, látìgbà náà ẹni tó wà ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ lè rán iṣẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà kó sì gba èsì, bó bá ṣáà ti ní kọ̀ǹpútà àti data.

Ohun tó máa wà lórí tábìlì yín

Lápútọ́ọ̀pù olówó ńlá ò pọn dandan. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń rán lọ, ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni, kò wúwo tó fọ́tò kan tẹ́ ẹ fi sórí WhatsApp. Ibi tí RAM ti ń ṣe pàtàkì ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ dán iṣẹ́ wò nínú kọ̀ǹpútà tiyín kẹ́ ẹ tó rán an, torí kúbíìtì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi kún un, ìlọ́po méjì ni RAM tó máa gbà. Kúbíìtì 20 máa gba mẹ́gábáìtì 16 péré, kúbíìtì 28 á gba gígábáìtì 4, kúbíìtì 30 á gba 16. Torí náà ẹ̀rọ tó ní RAM gígábáìtì 8 máa gbé yín dé 28 tẹ́ ẹ bá ti ti gbogbo nǹkan míì pa, tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀ ó máa dákú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ohun kékeré kan wà tó ń dààmú àwọn tó ra tòkunbọ̀, mo sì ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bátìrì róbótó kan wà lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ CR2032 sí lára. Tó bá ti kú, ìgbàkigbà tí iná bá lọ tí bátìrì ńlá náà sì gbẹ, aago kọ̀ǹpútà á sá padà sí ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́. Ẹ wá ṣí browser, ó ní ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ò ṣeé fọkàn tán, torí pé ìwé ẹ̀rí tí server fi ń sọ pé òun lòun ní déètì lára, aago yín sì ti sọ pé déètì yẹn ò tíì dé. Àwọn kan á wá tẹ "máa lọ bẹ́ẹ̀", wọ́n á sọ ọ́ di àṣà, ọjọ́ tólè bá wá dúró lójú ọ̀nà lóòótọ́ wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún un náà. Ẹ tú bátìrì yẹn, ẹ fi tuntun síbẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́rọ́ API. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ni wọ́n máa fún yín, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, ẹ̀yin nìyẹn lójú server. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti gbàgbé tèmi sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tèmi, níbi tí wọ́n ti ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí. IBM máa ń fún ẹni tí ò sanwó ní ìṣẹ́jú 10 lórí ẹ̀rọ gidi ní nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tí màá fi wọlé lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú mi ti tán, ẹnì kan ti fi ṣeré. Ìṣẹ́jú nìyẹn o, ká ní iṣẹ́ àṣírí ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ fagi lé kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ bá fura sí, kí ẹ gba òmíì, ẹ má fi í sínú kóòdù, ẹ má fi ya fọ́tò ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Tí agbára bá ká a, ẹ ra kọ́kọ́rọ́ USB kékeré tí wọ́n ń pè ní FIDO, èyí tẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn kí àkáǹtì yín tó ṣí, kí ẹ sì ti gbogbo díìskì lápútọ́ọ̀pù yín pa pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù, torí lápútọ́ọ̀pù tó bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ zẹ́mì ní títì ò ní padà wá.

Iná ńkọ́? UPS kékeré fún rútà àti lápútọ́ọ̀pù ti tó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti rán lọ kì í dúró torí pé iná yín lọ, ọ̀hún ló ti ń ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ ni nọ́ńbà iṣẹ́ yẹn, èyí tí wọ́n fún yín lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ rán an. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan, tí ACE àti SAT-3 wà lára wọn, tí íntánẹ́ẹ̀tì wa níbí wá ń fà bí ìgbín, iṣẹ́ mi kan wà lórí ìlà. Mo ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Nígbà tí nẹ́ẹ̀tì padà bọ̀ sípò, mo tẹ nọ́ńbà náà, èsì ti wà níbẹ̀ ń dúró dè mí.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà lọ náà ńkọ́. Láti ọdún 1994 tí Peter Shor ti fi hàn pé kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù tó tóbi máa lè já àwọn àgádágodo tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, ẹ̀rù tó wà ńlẹ̀ ni pé ẹnì kan lè kó ẹrù títì yín pa mọ́ lónìí, kó máa dúró de ọjọ́ tó máa rí kọ́kọ́rọ́. Torí ìyẹn ni NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, fi gbé àgádágodo tuntun jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ML-KEM lorúkọ èyí tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá ń fi ssh, ètò tá a fi ń wọ kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn, wọlé, ẹ tẹ ssh -V. Tó bá ti jẹ́ OpenSSH 9.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ní irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ nínú, tó bá jẹ́ 10.0 tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ML-KEM ló máa kọ́kọ́ bẹ server fún. Ẹ wá fi ssh -v wọlé, kí ẹ wá ìlà tó sọ pé kex: algorithm. Tẹ́ ẹ bá rí mlkem768 tàbí sntrup761 níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, server ni kò tíì gòkè àgbà, ẹ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ látòkè, ẹni tó wà lójú ọ̀nà nìkan ló wà fún. Ẹ fi sọ́kàn.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ ńkọ́?

Ẹ ti gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ rí, àbí? Bẹ́ ẹ fi aṣọ bo abọ́ yín láti ilé dé ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ máa ṣí i. Ẹlẹ́rọ máa rí i pé tàtàṣé pọ̀, alùbọ́sà kéré, ó sì ti mọ iye àlejò tẹ́ ẹ fẹ́ gbà. Bí ssh àti ML-KEM ṣe rí nìyẹn, aṣọ orí abọ́ ni wọ́n. Ohun tá a ń wá báyìí ni bí ẹlẹ́rọ ṣe máa lọ ata láìmọ̀ pé ata ni.

Ó ṣeé ṣe, kì í ṣe àlọ́. Anne Broadbent, Joseph Fitzsimons àti Elham Kashefi ló gbé ọ̀nà ẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ kuántọ́ọ̀mù afọ́jú, torí pé server ń ṣiṣẹ́ láìrí ohun tó ń ṣe. Ní 2012 àwọn ará Vienna fi wóró ìmọ́lẹ̀ (fótọ́ọ̀nù, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ) mẹ́rin ṣe é nínú yàrá ìwádìí, ní 2024 àwọn ará Oxford fi áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ní iná lára) àti wóró ìmọ́lẹ̀ ṣe é, wọ́n sì fi àyẹ̀wò kún un.

Ẹ jẹ́ ká wo kúbíìtì kan ṣoṣo dáadáa, torí ohun èlò tẹ́ ẹ máa rà, ibẹ̀ ló ti jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ máa fi wóró ìmọ́lẹ̀ kan ránṣẹ́ sí server, ẹ máa yí i sí igun kan tẹ́ ẹ mú lójú ṣèèṣì nínú mẹ́jọ: 0, 45, 90, 135, 180, 225, 270 tàbí 315. Ẹ ò ní sọ igun yẹn fún ẹnikẹ́ni. Server á so wóró yẹn pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, á wá bi yín pé igun wo ni kóun fi wọ̀n ọ́n. Ká ní iṣẹ́ yín gan-an fẹ́ kó wọ̀n ọ́n ní 45. Igun àṣírí yín jẹ́ 135, ẹ sì ta owó ẹyọ, ó bọ́ sí ojú, ẹ tún fi 180 kún un. 45 àti 135 àti 180, ó di 360, ìyẹn 0. Ẹ sọ fún server pé "0 ni o". Ẹlòmíì tó wà ní Kétu, 90 ni tiẹ̀, igun àṣírí ẹ̀ jẹ́ 270, owó ẹyọ ẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn, kò fi nǹkan kún un, òun náà sọ fún server pé "0 ni o". Server gbọ́ ohùn kan náà lẹ́nu ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Kò sì lè tú wóró ìmọ́lẹ̀ yẹn wò kó mọ igun inú ẹ̀, torí wóró kan ṣoṣo kì í sọ gbogbo ara ẹ̀ fún ẹni tó bá wọ̀n ọ́n, kò sì ṣeé dà kọ, wọ́n ti fi ìyẹn hàn láti 1982. Tí èsì bá dé, 0 tàbí 1, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé owó ẹyọ bọ́ sí ojú á yí i padà. Ẹ á wá fi èsì yẹn tún igun tó kàn ṣe, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹ rí i pé ẹ̀yin ò nílò kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù kankan. Ẹ ò nílò fríìjì. Nǹkan tẹ́ ẹ nílò ni ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde, ohun tó ń yí i, àti ohun tó ń mú nọ́ńbà ṣèèṣì.

Nọ́ńbà ṣèèṣì yẹn, àwọn èèyàn máa ń fojú kéré ẹ̀. Kúbíìtì kọ̀ọ̀kan máa jẹ bíìtì mẹ́ta fún igun, bíìtì kan fún owó ẹyọ, mẹ́rin lápapọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan nìyẹn gẹ́lẹ́, ojú mẹ́rin, ọ̀nà 16. Odindi ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí bàbá bá jù lẹ́ẹ̀kan máa tó kúbíìtì méjì. Àmọ́ ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀gbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ máa fẹ́ jù ú, apá bàbá ò ní gbà á, torí náà ẹ lo káàdì tí wọ́n dìídì ṣe fún nọ́ńbà ṣèèṣì. Ẹ má lo èyí tó wà nínú Python, èdè tá a fi ń kọ kóòdù, lásán, ẹni tó bá mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ máa mọ gbogbo ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde: èyí tó rọrùn jù ni léésà tẹ́ ẹ sọ di aláìlágbára, tẹ́ ẹ fi fílítà dín kù títí á fi ku nǹkan bíi wóró kan nínú ìtanná mẹ́wàá. Wàhálà ẹ̀ ni pé léésà kì í ka wóró. Nínú àwọn ìtanná tó bá ní ìmọ́lẹ̀ nínú, nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún máa ní wóró méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, igun kan náà ló sì wà lára méjèèjì. Server tó gbọ́n á dá ọ̀kan dúró, á fi ìkejì ṣiṣẹ́. Nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé ẹ ní ẹ̀rọ tó ń mú wóró kọ̀ọ̀kan jáde, tàbí kẹ́ ẹ lo ọgbọ́n tó ń pa ọ̀pọ̀ ìtanná pọ̀ di kúbíìtì kan. Ẹ̀rọ wóró kọ̀ọ̀kan yẹn wọ́n gan-an.

Ọ̀nà míì wà tí mo fẹ́ràn jù. Dípò kẹ́ ẹ máa ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí server máa rán wóró wá, kí ẹ̀yin máa wọ̀n ọ́n. Morimae àti Fujii ló sọ èyí ní 2013. Ẹ máa nílò gíláàsì tó ń yí ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbọ́ tí wóró kan bá bọ́. Ẹ̀rọ agbọ́ tó rọrùn, tí iná lásán ń mú tutù dé nǹkan bíi àádọ́ta dígíríì sí ìsàlẹ̀ òdo, ó ń rí wóró 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó dáa, tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín súpákọndọ́kítọ̀ (ohun tó ń gbé iná láìpàdánù tó bá tutù gan-an) ṣe, lè rí ju 90 lọ, àmọ́ ó fẹ́ òtútù tí ò tó 4 kẹ́lífìn, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ẹ̀ sì máa ń jẹ ju kílówáàtì kan lọ tọ̀sán tòru. Ẹ ronú sí ìyẹn pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ yín kẹ́ ẹ tó sọ pé èyí tó dáa lẹ fẹ́.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń rán wóró jáde, ẹ má gbàgbé áísólétọ̀, ohun kékeré kan tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jáde tí kì í jẹ́ kó padà wọlé. Tí kò bá sí níbẹ̀, server lè tan ìmọ́lẹ̀ líle wọnú àpótí yín látẹ̀yìn, kó wo bó ṣe padà, kó sì fi mọ igun tẹ́ ẹ yí nǹkan sí. Àwọn bàbá wa ní Kétu tó kọ́ Àkàbà Ìdẹ́nà ò fi ẹnu ibodè sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́, kí ni ẹ̀yin fẹ́ fi tiyín sílẹ̀ fún?

Fáíbà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn tó sì ń dunni

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń so fáíbà ní àdúgbò Ouando ló là mí lójú. Ó ti so wáyà tán, ó fi mítà sí ìdí ẹ̀, nọ́ńbà tó wà lójú mítà jẹ́ -18. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ká wáyà yìí mọ́ nǹkan ńkọ́?" Ó ní, "Àbúrò, wò ó." Ó mú bírò nínú àpò, ó fi fáíbà yẹn yí i po ní ìgbà mélòó kan. Mítà já bọ́ sí -25. Kò gé, kò fọ́, ó kàn yí po bírò ni, ìmọ́lẹ̀ márùn-ún wọlé, ọ̀kan ló jáde. Ó tún yọ ẹnu wáyà, ó fi ìka kàn án, ó dá a padà, ó tún sọ nǹkan nù. Fún fóònù àti fíìmù, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ á tún un rán. Wóró ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo kò ní ìkejì, tó bá sọnù ó sọnù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ wa. Fáíbà tó dáa, pẹ̀lú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó bá a mu jù lọ, 1550 nánómítà, máa ń pàdánù nǹkan bíi 0.2 dB ní kìlómítà kan (dB ni wọ́n fi ń wọn àdánù: 10 dB, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló kù). Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, ká pè é ní 30 kìlómítà, 6 dB, wóró kan nínú mẹ́rin ló máa dé. Àjàṣẹ́ sí Kétu, nǹkan bíi 100 bí ẹyẹ ṣe ń fò, 20 dB, ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Sábẹ̀ẹ́, nǹkan bíi 170, 34 dB: tẹ́ ẹ bá ju mílíọ̀nù kan lọ́wọ́, 400 ló máa débẹ̀, ẹ̀rọ agbọ́ tó ń rí 20 nínú ọgọ́rùn-ún á wá fún yín ní 80. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì ka ìsopọ̀, ìdọ̀tí àti kọ̀rọ̀ tí fáíbà máa ń yà sí lójú ọ̀nà. Láti Kútọnu sí Yúróòpù lábẹ́ òkun, ẹ má wulẹ̀ ṣírò ẹ̀. Àwọn wáyà abẹ́ òkun yẹn ní ẹ̀rọ tó ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe lọ́nà, ohun tó sì ń ran íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yẹn gan-an ló ń pa kúbíìtì, torí kò ṣeé dà kọ.

Torí náà, fáíbà tẹ́ ẹ máa béèrè fún ni èyí tó ṣófo, tí ò sí ẹ̀rọ atúnṣe ìmọ́lẹ̀ kankan láàárín ẹ̀, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dáa ju èyí tí wọ́n fi kọ́ òpó lọ, torí atẹ́gùn àti oòrùn ọ̀sán máa ń lọ́ èyí tó wà lókè, bó bá sì ti lọ́, igun tẹ́ ẹ fi sí ìmọ́lẹ̀ máa yí padà kó tó débẹ̀, ẹ á nílò ẹ̀rọ míì tó ń tún un tọ́ sọ́nà ní gbogbo ìgbà. Ẹ máa nílò aago tó péye lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì náà, èyí tó ń gba àkókò láti GPS ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan á ní sátẹ́láìtì ńkọ́. Ṣáínà gbé Micius lọ sókè ní 2016, sátẹ́láìtì wọn kékeré míì, Jinan-1, ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí so Beijing pọ̀ mọ́ Stellenbosch ní South Africa, 12,900 kìlómítà. Iṣẹ́ ńlá ni, inú mi dùn pé Áfíríkà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n gbé, sátẹ́láìtì fúnra ẹ̀ sì mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Aṣọ orí abọ́ náà ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ni server

Ẹ ò ní ra èyí, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ máa béèrè. Àkọ́kọ́, irú kúbíìtì wo ló ń lò? Súpákọndọ́kítọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìgbì bíi ti fóònù, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, ooru ara fáíbà lásán máa bò ó mọ́lẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀rọ ògbufọ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi iná mú dúró lójú kan máa ń tu ìmọ́lẹ̀ jáde fúnra ẹ̀, òun ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Ìkejì, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó gbàgbé? Ìmọ́lẹ̀ máa ń lo máíkírósẹ́kọ́ńdì 5 (máíkírósẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) fún kìlómítà kan nínú fáíbà. Ká ní wọ́n gbé ọ̀kan sí Kútọnu lọ́la, àlọ àti àbọ̀ láti Àjàṣẹ́ jẹ́ 300, láti Kétu ó máa ju 1,000 lọ. Ẹ ti rí i lókè pé ẹ máa fi èsì kan tún igun tó kàn ṣe, torí náà server gbọ́dọ̀ di àwọn kúbíìtì tó kù mú títí èsì yín á fi dé, lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ súpákọndọ́kítọ̀ á ti gbàgbé láàárín ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Áyọ́ọ̀nù lè rántí fún odindi ìṣẹ́jú àáyá, àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Oxford, áyọ́ọ̀nù sitirọ́ńṣíọ̀mù ló ń bá ìta sọ̀rọ̀, kálísíọ̀mù ló ń rántí, ìpín iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n wá.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu yín. Ti sitirọ́ńṣíọ̀mù jẹ́ 422 nánómítà, kò ní rìn jìnnà nínú fáíbà. Ó ní láti ní ẹ̀rọ tó ń yí àwọ̀ padà sí ìtòsí 1550. Wọ́n ti ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ láàárín Delft àti The Hague ní Nẹ́dálándì pẹ̀lú kúbíìtì inú dáyámọ́ńdì, 25 kìlómítà fáíbà tó wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2024. Iye yẹn sún mọ́ Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ̀rètí nù.

Tí server bá ń parọ́ ńkọ́

Kò mọ iṣẹ́ yín, àmọ́ ó ṣì lè fún yín ní yẹpẹ. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni ohun tí ìyá mi máa ń ṣe tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ ń jí owó ọjà: á fi nǹkan méjì tó ti mọ iye ẹ̀ kún àwọn tí kò mọ̀. Ẹ da iṣẹ́ ìdánwò tẹ́ ẹ ti mọ èsì ẹ̀ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ gidi, server ò lè mọ èyí tó jẹ́ ìdánwò torí gbogbo ẹ̀ jọra lójú ẹ̀. Iṣẹ́ gidi yẹn, ẹ tún un rán lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ mú èsì tó pọ̀ jù. Leichtle àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn ní 2021 pé ẹ̀rọ ò ní láti jẹ́ aláìlábàwọ́n, tí ìdánwò tó kùnà ò bá ti tó 25 nínú ọgọ́rùn-ún fún irú iṣẹ́ tó rọrùn jù, èsì yín ṣì dáa. Òfin yìí ló ń sọ fún yín bóyá ohun èlò yín ti tó: ìdọ̀tí ẹnu wáyà, aago tó ń sáré, ẹ̀rọ agbọ́ tó ń ké nígbà tí nǹkan kan ò bọ́, gbogbo wọn máa kóra jọ sínú 25 yẹn. Ohun èlò tó ń fi ìdánwò 30 nínú ọgọ́rùn-ún kùnà, ẹ má tíì fi iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́.

Urmila Mahadev náà ti fi hàn ní 2018 pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lásán, láìsí léésà láìsí fáíbà, lè yẹ iṣẹ́ server wò. Ìyẹn ló máa dùn jù fún àwa tá a wà níbí, ká má parọ́, àmọ́ ẹrù tó gbé lé server wúwo ju ohun tí àwọn ẹ̀rọ tó wà ní báyìí lè gbé.

Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lálẹ́ òní láìra nǹkan kan: ẹ ṣí Python, ẹ kọ kúbíìtì kan ṣoṣo yẹn bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀, igun iṣẹ́ yín máa wà lójú kan, 45 ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ máa mú igun àṣírí àti owó ẹyọ lọ́tun. Python ń fi nọ́ńbà ṣèèṣì tí kì í ṣe lásán fúnni nínú ohun tó ń jẹ́ secrets, òun ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ṣe é ní ìgbà 8,000, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí server gbọ́ igun kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bíi 1,000, ó lè fi 50 tàbí 60 lọ sókè tàbí wálẹ̀. Tí ọ̀kan bá lọ dé 1,200, ẹ padà sídìí ibi tẹ́ ẹ ti ń mú nọ́ńbà yẹn, nǹkan kan ń jò níbẹ̀.